Ta Ní Ń Jẹ́ Algorithm? Àgbéyẹ̀wò Orúkọ Ènìyàn Nínú Ìṣirò

Ní ọ̀rúndún kẹtàlá, àwọn olùkọ́ ìṣirò ní Yúróòpù mọ iṣẹ́ tí algorismus ń ṣe. Ọgbọ́n ìṣirò ni, èyí tí wọ́n ń fi àmì mẹ́sàn-án àti òdo ṣe, láì fọwọ́ kan òkúta ìkàyé. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá ni kò yé wọn. Àwọn kan ní ọba ilẹ̀ Íńdíà kan, Algor lórúkọ, ló dá a sílẹ̀. Johannes de Sacrobosco, tó ń kọ́ni ní Paris, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ọlọ́gbọ́n kan tó ń jẹ́ Algus ni. Nígbà tó yá, àwọn tó gbọ́ Gíríìkì díẹ̀díẹ̀ là á sí méjì: wọ́n ní algiros, ìrora, ni apá kìíní, arithmos, nọ́ńbà, sì ni apá kejì. Ọmọ iléèwé tí wọ́n ti nà nítorí ìsọdipúpọ̀ lè gba ti ìrora yìí gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí òótọ́ nínú ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó di 1849 kí Joseph Toussaint Reinaud, onímọ̀ èdè Lárúbáwá ní ilẹ̀ Faransé, tó sọ ọ́ síta pé orúkọ ènìyàn ni: Muḥammad ibn Mūsā al-Khwārizmī, ẹni tó ṣiṣẹ́ ní Baghdad ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kẹsàn-án, lábẹ́ kálífà al-Ma'mūn. Ní 1857, Baldassarre Boncompagni tẹ ìwé àfọwọ́kọ Látìnì kan tó wà ní Cambridge jáde. Ọ̀rọ̀ méjì tó ṣí ìwé náà ni Dixit Algorizmi, ìyẹn ni pé Algorizmi ló wí báyìí. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn ló tú ọba Algor àti ọlọ́gbọ́n Algus ká.

Ohun tó wá pani lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ní àsìkò tí wọn kò rí ènìyàn tó wà nínú algorithm, wọ́n rí ènìyàn tí kò sí nínú algebra. Inú àkọlé ìwé mìíràn tí al-Khwārizmī yìí kan náà kọ ní nǹkan bí 820 ni algebra ti jáde. Al-jabr ni wọ́n pè é níbẹ̀: kí a mú ohun tí a yọ kúrò ní apá kan padà bọ̀ sípò. Kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn òǹkọ̀wé kan ní Yúróòpù ní Lárúbáwá kan tó ń jẹ́ Geber ló ni í, wọ́n sì ń fi iyì fún Geber yìí lójú ìwé wọn.

Ta wá ni al-Khwārizmī? Muḥammad ni orúkọ rẹ̀, Mūsā ni baba rẹ̀. Al-Khwārizmī kò ju 'ará Khwārizm' lọ, agbègbè tó wà ní gúúsù Òkun Aral, tí Uzbekistan àti Turkmenistan jọ pín lónìí. Yorùbá tó bá sún mọ́ àwọn àfáà wa kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè irú orúkọ tí èyí jẹ́. Adam ni orúkọ Ṣéèkì Adam Abdullah al-Ilory tó dá Markaz Agége sílẹ̀. Al-Ilory ń sọ fún ará Cairo pé Ìlọrin ni ìdí bàbá náà. Ṣáájú tirẹ̀, ọmọ Fúlàní kan láti Katsina, Muḥammad al-Kishnāwī, ti kọ̀wé lórí àwọn onígun mẹ́rin tí nọ́ńbà inú wọn máa ń pé iye kan náà ní òró àti ní ìbú. Cairo ló kú sí ní 1741, Katsina ló sì wà nínú orúkọ rẹ̀ títí dòní. Nítorí náà, ẹni tó bá ní orúkọ ìlú ló di ọ̀rọ̀ ìṣirò yìí kò jìnnà sí òótọ́. Àwọn tó gbé e wọ Látìnì ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀: wọ́n mú un bí ẹni mú orúkọ ìdílé, wọ́n sì fi Muḥammad àti Mūsā sílẹ̀.

Àríyànjiyàn kan ṣì wà lórí ibi tí wọ́n bí i sí. Nínú ìwé òpìtàn al-Ṭabarī, a rí i tí wọ́n pe ẹnì kan ní Muḥammad ibn Mūsā al-Khwārizmī al-Majūsī al-Quṭrubbullī. Quṭrubbul jẹ́ àdúgbò kan lẹ́bàá Baghdad, èyí ló jẹ́ kí àwọn kan sọ pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti bí i, pé àwọn baba ńlá rẹ̀ ló wá láti Khwārizm. Roshdi Rashed, òpìtàn ìṣirò, ta kò wọ́n. Ó ní ènìyàn méjì ni al-Ṭabarī ń dárúkọ, pé akọ̀wé tó ṣe àdàkọ ló fo lẹ́tà kékeré tó túmọ̀ sí 'àti'. Ti Rashed ló wọ̀ mí létí jù. Al-Majūsī ni wọ́n máa ń pe ẹni tó ń ṣe ẹ̀sìn iná ti àwọn ará Páṣíà àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé al-jabr yóò rí i pé Mùsùlùmí tó dúró ṣinṣin ló kọ ọ́.

Báwo ni orúkọ ẹni ṣe di orúkọ iṣẹ́? Gírámà Látìnì ló fà á. Orúkọ ọkùnrin tó bá parí sí -us ní Látìnì máa ń gba -i nígbà tí a bá ń sọ nǹkan tó jẹ́ tirẹ̀. Akọ̀wé tó bá rí 'ìwé Algorismi' á wá gbà pé ìwé tó jẹ́ ti Algorismus ni. Bẹ́ẹ̀, ní Lárúbáwá, -ī ìparí yẹn ló dúró fún 'ará'. Ẹ̀yìn náà ni Algorismus kúrò ní ẹni tó ni ìwé, ó di ìwé fúnra rẹ̀, ó di ohun tó wà nínú ìwé. Faransé sọ ọ́ di augorisme, Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ sọ ọ́ di augrim. Chaucer, akéwì Gẹ̀ẹ́sì, lò ó ní ọ̀rúndún kẹrìnlá fún òkúta ìṣirò tó wà ní yàrá akẹ́kọ̀ọ́ kan, àní òkúta tí ọgbọ́n tuntun náà fẹ́ lé jáde. Ní èdè Sípéènì, guarismo ni àmì nọ́ńbà kan ṣoṣo. Algarismo ni ti Potogí, nítorí náà ọmọ iléèwé ní Brazil tó bá sọ pé 407 ní algarismo mẹ́ta ti pe orúkọ àgbà Baghdad yẹn láì mọ̀. Ti th tó wà nínú algorithm, àlejò pátápátá ni. Àwọn tó rò pé arithmos ti Gíríìkì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ló tì í bọ inú rẹ̀.

Ibi tó dùn jù fún mi nìyí. Ìwé tí wọ́n fi orúkọ al-Khwārizmī pè yìí, kò fìgbà kankan sọ pé ti òun ni. Ìṣirò àwọn ará Íńdíà ni ó sọ pé òun fẹ́ ṣàlàyé: bí àmì mẹ́sàn-án ṣe ń yí iye padà bí wọ́n ṣe ń yí ipò padà, bí àmì roboto kékeré kan ṣe ń di ipò mú kí ó má bàa ṣófo, bí a ṣe ń ròpọ̀, bí a ṣe ń yọ kúrò, bí a ṣe ń sọ di méjì, bí a ṣe ń pín. Ó dárúkọ àwọn tó ni í. Ìwé al-jabr ńkọ́, ìwé tí ọwọ́ tirẹ̀ wà nínú rẹ̀ jù, níbi tó ti to irú ìdọ́gba mẹ́fà lẹ́sẹẹsẹ, tó sì fi àwòrán onígun mẹ́rin ṣe ẹ̀rí ọ̀nà tí a fi ń yanjú wọn? Àkọlé ìwé yẹn ló dúró, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ohun tó jíṣẹ́ fún wa láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kò gba orúkọ náà.

Mo ti wo àwọn orúkọ mìíràn bẹ́ẹ̀ nínú ìṣirò, ohun tí mo sì rí ni pé orúkọ ènìyàn kì í sábà sọ ẹni tó kọ́kọ́ rí nǹkan fún wa. Ọ̀nà tí ìwé gbà ló ń sọ. Ẹni tó pa ẹran lóko kọ́ ni ọjà ń mọ̀, ẹni tó gbé e wọ̀lú ni. Baghdad ni Tòlẹ́dò àti Segovia ní Sípéènì ti rí ìwé, kò sí ẹni tó lọ sí Íńdíà lọ bèèrè. Robert ará Chester túmọ̀ al-jabr sí Látìnì ní Segovia ní 1145. Kò pẹ́ sí i, Gerard ará Cremona tún un ṣe ní Tòlẹ́dò. Bí ìwé Íńdíà bá ti gba ọ̀nà mìíràn dé ọ̀dọ̀ wọn, kò dájú pé à bá gbọ́ algorithm rárá.

Ìwé lásán kò tó, wọ́n tún bá àwọn àmì Íńdíà náà jà. Ní 1299, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní Florence ṣòfin pé kí ọmọ ẹgbẹ́ má ṣe kọ iye owó sínú ìwé ìṣirò rẹ̀ pẹ̀lú àmì tuntun yẹn. Kí ó fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́ tán. Títí di 1503 tí Gregor Reisch tẹ ìwé ìmọ̀ rẹ̀ jáde, àwọn ènìyàn ṣì ń jiyàn. Àwòrán kan wà nínú ìwé náà tí gbogbo ẹni tó ń kọ ìtàn ìṣirò fẹ́ràn: obìnrin kan dúró láàárín, nọ́ńbà wà lára aṣọ rẹ̀; ọkùnrin kan ń fi àmì tuntun ṣírò, inú rẹ̀ dùn, ọkùnrin kejì dojú kọ òkúta ìkàyé lórí tábìlì, ojú rẹ̀ korò. Orúkọ wọn wà níbẹ̀. Pythagoras ni ẹni tó ń bínú. Ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn ni Boethius, ará Róòmù tó kú ní ọ̀rúndún kẹfà, tí kò sí ibi tó ti lè rí àmì Íńdíà lò. Àní nínú àwòrán tí wọ́n fi yìn algorithm, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ni wọ́n fún.

Lẹ́yìn tí àmì tuntun ti borí, ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn. Leibniz jí i ní 1684. Nínú ìwé kékeré tó fi gbé ìṣirò àyípadà wẹ́wẹ́ rẹ̀ síta, ó pe àkójọ òfin tó là sílẹ̀ ní algorithmus, ó sì yára fi kún un pé òun kàn ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àfiwé ni. Àfiwé yẹn ló ṣí ilẹ̀kùn. Látìgbà náà, ìlànà èyíkéyìí tí ènìyàn lè tẹ̀ lé ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan láì ronú jù lè jẹ́ orúkọ náà. Wọ́n padà lọ fi sọ ọ̀nà Euclid fún wíwá nọ́ńbà tó tóbi jù tó lè pín nọ́ńbà méjì lórúkọ, bẹ́ẹ̀ Euclid ti fi ẹgbẹ̀rún ọdún kan ṣáájú al-Khwārizmī. Iṣẹ́ Alan Turing ní 1936 ló wá fún èrò ìlànà bẹ́ẹ̀ ní ìtumọ̀ tó le koko. Síbẹ̀, Donald Knuth, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí pé ìwé atúmọ̀ èdè Amẹ́ríkà kan tó jáde ní 1957 kò ní algorithm nínú, pé algorism àtijọ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Lónìí, ọmọge tó ń ta aṣọ lórí Instagram ní Èkó á sọ fún ọ pé 'algorithm' ló gbé ọjà òun pamọ́. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹnì kan tó ń bá a ṣọ̀tá. Ó ṣe tán, ènìyàn ni tẹ́lẹ̀.

Ní 1979, Knuth àti Andrei Ershov, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ Soviet, pe àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà jọ sí Urgench, ní agbègbè Khwārizm gan-an, fún àpérò lórí algorithm. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìjọba Soviet tẹ sítáǹpù tó ní àwòrán al-Khwārizmī lára. Kò sí ẹni tó mọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Ayàwòrán fún un ní irùngbọ̀n, ó sì fi láwàní wé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo àwọn orúkọ ènìyàn mìíràn tó di ọ̀rọ̀ ìṣirò bíi ti al-Khwārizmī. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wọlé nípa àṣìgbọ́ bíi tirẹ̀. Ẹnì kan ló jókòó, tó sì mọ̀ọ́mọ̀ sọ wọ́n lórúkọ. J. J. Sylvester, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ Jacobian lórúkọ láti ara Jacobi, òun náà ló mú Hessian jáde láti ara Otto Hesse, ó sì máa ń fi ara rẹ̀ wé Ádámù tó sọ àwọn ẹranko lórúkọ nínú ọgbà. Kò parọ́ mọ́ ara rẹ̀.

Èyí tó ṣe mí ní kàyéfì jù ni Wronskian. Ní 1776, wọ́n bí ọmọkùnrin kan sí Wolsztyn ní ilẹ̀ Pólàǹdì, Hoene ni orúkọ baba rẹ̀. Ó ja ogun lábẹ́ ọ̀gágun Kościuszko ní 1794, ó dé Faransé, ó sì fi Wroński kún orúkọ ara rẹ̀ nígbà tó ti dàgbà. Ó ní òun ti rí òtítọ́ àìlópin tó ṣàlàyé ayé gbogbo. Oníṣòwò kan láti Nice, Arson, ṣèlérí owó fún un kí ó lè fi àṣírí náà hàn án, nígbà tí owó kò wá tó bó ṣe fẹ́, Wroński gbé oníṣòwò náà lọ sílé ẹjọ́. Ó tún ń wá ẹ̀rọ tí yóò máa yí láéláé láì gba agbára. Àwọn onímọ̀ ìgbà rẹ̀ kà á sí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ó sì kú nínú ìṣẹ́ lẹ́bàá Paris ní 1853. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kan tó kọ ní 1812 láti fi bá onímọ̀ ìṣirò Lagrange jà, ohun rere kan wà níbẹ̀, tó ń jẹ́ kí a mọ̀ bóyá àwọn ojútùú ìdọ́gba kan dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tàbí ọ̀kan nínú wọn wulẹ̀ jẹ́ àkópọ̀ àwọn yòókù. Thomas Muir rí i, ó sì pè é ní Wronskian ní 1882. Orúkọ tí ọkùnrin náà fún ara rẹ̀ ló dúró. Hoene ti baba rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìṣirò kankan.

Òfin L'Hôpital kò ju owó lọ. Ní 1694, Máákúìsì L'Hôpital kọ̀wé sí Johann Bernoulli pé òun yóò máa fún un ní 300 livre lọ́dún, kí ó máa fi àwọn ohun tó bá ṣàwárí ránṣẹ́ sí òun, kí ó má sì sọ wọ́n fún ẹlòmíràn. Ní 1696, Máákúìsì tẹ ìwé àkọ́kọ́ lórí ìṣirò àyípadà wẹ́wẹ́ jáde, òfin náà sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tó kú ni Bernoulli bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé tòun ni, àwọn ènìyàn kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́, nítorí wọ́n mọ̀ ọ́n ní ẹni tó fẹ́ràn ìjà. Ní 1922, wọ́n tẹ ẹ̀kọ́ tí Bernoulli fúnra rẹ̀ kọ jáde láti inú ìwé àfọwọ́kọ tó wà ní Basel: òótọ́ ló ń sọ. Orúkọ òfin kò yí padà. Bí ẹ bá bi mí, L'Hôpital kò jí i, ó rà á ni, ìwé rẹ̀ sì ni gbogbo Yúróòpù fi kọ́ ẹ̀kọ́ náà.

Ti Fibonacci tilẹ̀ rọrùn sí i. Leonardo ará Pisa kò mọ̀ pé òun ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Guillaume Libri ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀ ní 1838, láti ara gbólóhùn Látìnì tó túmọ̀ sí 'ọmọ Bonacci'. Édouard Lucas ló wá fi orúkọ náà pe òǹkà 1, 1, 2, 3, 5, 8 ní àwọn ọdún 1870. Leonardo kọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ ti 1202, nípa ehoro tó ń bímọ. Hemachandra ti ṣe é ní Íńdíà ní nǹkan bí 1150, níbi tó ti ń ka oríṣiríṣi ọ̀nà tí ewì fi lè gba ìlù kúkúrú àti gígùn. Bákan náà, onígun mẹ́ta tí ọmọ Faransé ń pè ní ti Pascal, ti Yang Hui ni ní Ṣáínà, ti Khayyām ni ní Ìráàn, ti Tartaglia ni ní Ítálì. Ibi tí o bá jókòó sí ló ń sọ ẹni tó ni í.

Stephen Stigler, onímọ̀ statistics, fi èyí ṣe òfin ní 1980: kò sí àwárí tó ń jẹ́ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é. Ó sì tètè fi kún un pé onímọ̀ àwùjọ Robert Merton ti rí òfin náà ṣáájú òun. Òfin rẹ̀ dùn létí, ṣùgbọ́n ó ti le jù. Niels Henrik Abel, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Nọ́wè tí ikọ́ ẹ̀gbẹ pa ní ọmọ ọdún 26 ní 1829, ló ṣe iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ abelian ń tọ́ka sí, orúkọ rẹ̀ sì ti wọ ara èdè débi pé lẹ́tà kékeré ni ọ̀pọ̀ ìwé fi ń kọ ọ́. Emmy Noether, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Jámánì, ló sì ni ọ̀rọ̀ Noetherian ní tòótọ́. Òun ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ṣàríwísí orúkọ inú ìṣirò máa rántí: ní yunifásítì Göttingen, títí di 1919, orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n David Hilbert ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ náà kò fẹ́ obìnrin gẹ́gẹ́ bí olùkọ́.

Ṣé kí a tún wọn sọ lórúkọ? Àwọn ìwé kan ti bẹ̀rẹ̀: òǹkà tí Leibniz fi ṣírò π ti ń di ti Mādhava àti Leibniz, nítorí àwọn ará Kerala ti ní in ṣáájú rẹ̀. Mo fara mọ́ ọn níbi tí orúkọ méjì bá ti sọ ìtàn méjì tó jẹ́ òótọ́. Ní ti algorithm, kò sóhun tó kù láti túnṣe. Ó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni í láti ẹgbẹ̀rin ọdún. Ibi tó ṣòro ni ìdọ́gba Pell. John Pell kò yanjú rẹ̀. Lọ́ọ̀dù Brouncker ló yanjú rẹ̀ fún Fermat ní 1657, Brahmagupta sì ti wà lórí rẹ̀ ní Íńdíà ní 628. Euler ló ṣi orúkọ sọ, gbogbo onímọ̀ ìṣirò ló mọ̀ pé ó ṣì í sọ, wọ́n sì ṣì ń pè é ní ìdọ́gba Pell nínú gbogbo ìwé.